Èló Ni Kí Arìnrìn-àjò San fún Inṣọ́ránsì?

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ yín kó yín jọ síwájú rédíò, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsùlù dání, nítorí a ó ṣe ìṣirò díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì ìrìn-àjò, èyí tí àwọn oníwèé ìròyìn wa ń pè ní adójútòfò.

Ní Ìwó tiwa yìí, bí ẹnì kan kò bá máa múra Mẹ́kà, ẹlòmíràn yóò máa múra àtilọ wo ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹlòmíràn yóò sì máa di ẹrù fún ọmọ tí ó rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọ̀ ní Jámánì. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń bá ènìyàn ṣètò físà, ọ̀kan nínú ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ wọn ni ìwé inṣọ́ránsì. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn máa ń bẹ́ sílẹ̀. Ìyá àti ọmọ lè jọ kúrò nínú agboolé kan náà, kí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ òfuurufú kan náà, kí wọ́n sì jọ padà dé lọ́jọ́ kan náà, síbẹ̀ kí a ní kí ìyá san ìlọ́po mẹ́ta owó tí ọmọ san. Ìyá á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí àwọn arẹ́nijẹ kò tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, ìṣirò ni ó gbé owó náà dé ibẹ̀, ìṣirò ọ̀hún kò sì ṣòro àtimọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń rà. Àwọn kan a máa rò pé bí èésú ni inṣọ́ránsì rí. Ó fi ibì kan jọ ọ́, ó sì fi ibì kan yàtọ̀ sí i. Nínú èésú, gbogbo wa ni a ń dá owó, olúkúlùkù ni yóò sì kó tirẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Nínú inṣọ́ránsì, gbogbo wa ni a ń dá owó, ṣùgbọ́n ẹni tí òfò bá ṣe nìkan ni ó ń kó. Ẹni tí ó lọ tí ó bọ̀ láìfẹsẹ̀kọ kò ní gba kọ́bọ̀ padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ráhùn pé òun ra inṣọ́ránsì lọ sí ilẹ̀ Faransé ní èṣí, òun kò sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, kí ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Òwò yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1849, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì jẹ́ ohun tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Railway Passengers Assurance Company bẹ̀rẹ̀ sí ta inṣọ́ránsì fún àwọn èrò ní ibùdókọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó wọ kíláàsì kìíní san tọ́rọ́. Bí ìjàǹbá ọkọ̀ bá pa á, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò gba 1,000 pọ́n-ùn. Ẹni tí ó wọ kíláàsì kejì san kọ́bọ̀ méjì fún 500 pọ́n-ùn. Ẹni tí ó wọ kíláàsì kẹta san kọ́bọ̀ kan fún 200 pọ́n-ùn. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ kò mọ tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́ta ti ayé àtijọ́ ni, kí náírà tó dé ní ọdún 1973.

Ta ni ó wá rà á ní ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn mẹ́ta yìí? Bí a bá kàn wo owó tí ó jáde lápò, a ó ní ẹni kíláàsì kẹta ni. Ẹ ṣírò ó wò. Bí kọ́bọ̀ kan bá ra 200 pọ́n-ùn, kọ́bọ̀ márùn-ún ni yóò ra 1,000 pọ́n-ùn. Bí kọ́bọ̀ méjì bá ra 500, kọ́bọ̀ mẹ́rin ni yóò ra 1,000. Kọ́bọ̀ mẹ́ta péré ni olówó fi ra 1,000 tirẹ̀. Tálákà tí ó san owó tí ó kéré jù ni ó ra ọjà tí ó wọ́n jù. Ọkọ̀ kíláàsì kẹta ayé ìgbà náà kò lágbára tó ti àwọn olówó, òmíràn kò tilẹ̀ ti ní òrùlé rí. Ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ ni ewu súnmọ́ jù. Ìtàn kékeré yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ọ̀rọ̀ wa kalẹ̀. Owó inṣọ́ránsì ń tẹ̀lé ewu, ó ń tẹ̀lé iye tí a ṣèlérí, ohun tí ó sì dà bí ọ̀pọ̀ lójú lè wọ́n nínú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye tí wọn yóò bù lé ènìyàn? Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí, èmi ni mo dá wọn sọ kí ìṣirò lè rọrùn. Kí a ní 1,000 ọ̀dọ́ ra inṣọ́ránsì ní ọdún kan, kí márùn-ún nínú wọn ṣàìsàn lọ́hùn-ún, kí owó ọsibítù ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mílíọ̀nù méjì náírà. Mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà nìyẹn. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 1,000, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ náà yóò fi owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, owó alágbàtà àti èrè tirẹ̀ lé e, kí ó lè di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Wàyí o, ẹ mú 1,000 àgbàlagbà tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwọn tí yóò ṣàìsàn nínú wọn yóò ju márùn-ún lọ. Kí a ní wọ́n jẹ́ ogún. Ó di mílíọ̀nù lọ́nà ogójì náírà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a tó fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi san ju ọmọ lọ, ìdí náà sì nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kì í fi tà á rárá fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti kọjá ibì kan.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àìsàn tí ènìyàn ti ní tẹ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ará wa ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn. Nínú fọ́ọ̀mù, wọn a máa béèrè pé: ǹjẹ́ o ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ǹjẹ́ o ní àtọ̀gbẹ? Ǹjẹ́ wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ láìpẹ́ yìí? Ǹjẹ́ oògùn kan wà tí o ń lò lójoojúmọ́? Ọmọ tí ń bá ìyá rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù mọ̀ dájú pé Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé bí òun bá kọ “bẹ́ẹ̀ ni”, owó yóò gòkè. Ó kọ “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Owó wálẹ̀ lóòótọ́, inú tìyátọmọ sì dùn.

Ẹ jẹ́ kí a bá Màmá lọ dé òkè òkun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣánlẹ̀, wọ́n sì sáré gbé e dé ọsibítù. Dókítà bi í pé, “Màmá, oògùn wo ni ẹ ń lò nílé?” Màmá kò jẹ́ purọ́ fún dókítà, nítorí ẹ̀mí kò ní ààrọ̀, ó fa oògùn rẹ̀ yọ nínú àpò, dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí dókítà kọ yìí ni ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì yóò béèrè kí wọ́n tó sanwó. Wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀mù tí ọmọ kọ, ọ̀rọ̀ á sì pin síbẹ̀. Ẹni tí ń ta inṣọ́ránsì kò lè wo inú ara oníbàárà rẹ̀. Ohun tí oníbàárà bá sọ ni ó ń gbà gbọ́. Nítorí náà ni òfin òwò náà, níhìn-ín àti lókè òkun, fi sọ pé bí a bá fi ohun tí ó ṣe pàtàkì pamọ́, olùtà lè kọ̀ láti san owó. Ẹgbẹ̀rún mélòó kan náírà ni ọmọ fẹ́ dín kù. Gbèsè tí ó lè ta ilé bàbá ẹni ni ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí ó ṣe? Kí ó sọ òótọ́, kí ó sì wá lọ ṣe kiri ọjà. Ilé iṣẹ́ kan yóò ní níwọ̀n ìgbà tí oògùn bá ti kápá ẹ̀jẹ̀ ríru náà, owó díẹ̀ ni àwọn yóò fi kún un. Òmíràn yóò ní àwọn yóò tọ́jú gbogbo àìsàn àfi ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí èkejì yìí yóò rọrùn láti rà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìwé tí ó yọ ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ kò wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe. Bákan náà ni ti aboyún: kí ó béèrè iye ọ̀sẹ̀ tí ìwé náà bá a dé, kí ó sì béèrè bóyá ọmọ tí ó bá bí lójijì wà nínú rẹ̀, nítorí nínú ìwé púpọ̀, kò sí níbẹ̀.

Ibi tí ènìyàn ń lọ náà ń gbé owó sókè, ó ń gbé e sílẹ̀. Owó ọsibítù ní Amẹ́ríkà kò láfiwé. Ẹ ó sì rí i nínú ìwé púpọ̀ pé oríṣi owó méjì ni wọ́n kọ, ọ̀kan fún gbogbo ayé, èkejì fún gbogbo ayé yàtọ̀ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà. Bí ènìyàn kò bá ní fẹsẹ̀ kan ibẹ̀, kí ni yóò fi ti àkọ́kọ́ ṣe? Ọjọ́ tún ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí yóò lo ogún ọjọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a ta ti àádọ́rùn-ún ọjọ́ fún òun nítorí pé èyí ni ó wà lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́dún, ti ọdún kan gbáko ni ó sábà máa ń sàn fún un.

Fún àwọn orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo físà Schengen, òfin físà wọn ti ọdún 2009 ti la ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀: inṣọ́ránsì tí kò dín ní 30,000 yúrò, tí yóò ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, fún gbogbo ọjọ́ tí àlejò yóò lò níbẹ̀, tí yóò sì san owó ìtọ́jú pàjáwìrì, owó àtigbé aláìsàn padà sílé, àti ti òkú pẹ̀lú. Ní ti òkú yìí, a mọ ìlú wa. Mùsùlùmí tí ó bá kú lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni àwọn ará ilé rẹ̀ lè fẹ́ kí a sin ín sí kíákíá. Ìdílé Kìrìsítẹ́nì a sì máa fẹ́ kí a gbé òkú bàbá wọn wálé. Bí òfin tilẹ̀ ti fi dandan lé e, ó yẹ kí olúkúlùkù mọ ohun tí tirẹ̀ yóò ṣe, kí ó sì béèrè bóyá ìwé náà yóò san owó ìsìnkú lọ́hùn-ún bí a kò bá gbé òkú wálé.

Ìlérí 30,000 yẹn, yúrò ni, kì í ṣe náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù ọdún 2023, dọ́là kan kò tí ì tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Kí oṣù Èrèlé ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,400. Ẹni tí ó ra inṣọ́ránsì ṣáájú ìgbà náà, tí ó tún padà wá rà á lẹ́yìn rẹ̀, yóò pariwo pé wọ́n ti fi owó kún un. Bóyá wọn kò fi yúrò kan ṣoṣo kún un. Owó tiwa ni ó fúyẹ́.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀, nítorí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú ètò Schengen yìí, wọn kì í sì í fi dandan lé inṣọ́ránsì fún ẹni tí ó lọ kí ẹbí. Ẹni tí ó gba físà tí ó ju oṣù mẹ́fà lọ, bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́, ti máa ń san owó ìlera fún ìjọba wọn pẹ̀lú físà láti ọdún 2015. Láti oṣù Èrèlé 2024, ó jẹ́ 1,035 pọ́n-ùn lọ́dún fún àgbàlagbà, àti 776 fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó ti san án lè lọ sí ọsibítù ìjọba bí onílé, nítorí náà kí ó má tún ra inṣọ́ránsì ńlá fún ohun kan náà. Ìyá tí ó lọ bá wọn wẹ ọmọ tuntun fún oṣù mẹ́ta kò san án, òun gan-an ni ó sì yẹ kí ó ra inṣọ́ránsì. Àwọn kan ń tan ara wọn pé ọ̀fẹ́ ni ọsibítù ibẹ̀. Ní England, ìtọ́jú pàjáwìrì ní ẹnu ọ̀nà jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá àlejò dúró sí wọ́ọ̀dù, ìdajì ni wọ́n fi ń lé iye tí ìtọ́jú náà ń ná ìjọba, èyí ni pé ohun tí ó ń ná wọn ní 1,000 pọ́n-ùn, 1,500 ni wọn yóò kọ fún àlejò. Bí gbèsè náà bá sì tó 500 pọ́n-ùn tí a kò san án, ó lè dí físà lọ́wọ́ nígbà mìíràn.

Ní ti Mẹ́kà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe Háájì tàbí Ọ́múrà, ìjọba Saudi Arabia fúnra rẹ̀ ni ó ti fi inṣọ́ránsì kún owó tí ẹ ń san. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, wọ́n kéde pé àwọn dín ti Háájì kù láti 109 ríyáàlì sí 29, ti Ọ́múrà sì láti 235 sí 88. Ẹ wo bí owó yìí ti kéré tó. Nígbà tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn bá jọ dá a, ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò lè pọ̀. Ọgbọ́n kan náà ni ó wà fún ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ẹgbẹ́ oníṣòwò tí ń rìnrìn-àjò pọ̀: kí wọ́n jọ béèrè iye owó ẹgbẹ́, kí wọ́n má rà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí alálàájì tó lọ fi owó mìíràn ra inṣọ́ránsì kejì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó bi àjọ onílé Háájì ìpínlẹ̀ léèrè ohun tí ó ti wà nínú owó tí ó san.

Ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú náà ńkọ́? Àwọn àgbà kò gbàgbé ọjọ́ kejìlélógún oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1973, nígbà tí ọkọ̀ tí ó ń kó àwọn alálàájì bọ̀ láti Jẹ́dà sí Èkó yà sí Kánò nítorí ojú ọjọ́ tí kò dára, tí ó sì jóná níbẹ̀. Ènìyàn 176 ni ó kú. Lónìí, Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 ti fi gbèsè irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sọ́rùn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fún ìrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Àdéhùn yìí kan náà ni ó mú ọ̀rọ̀ ẹrù rọrùn. Bí ẹrù bá sọnù lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè jẹ gbèsè rẹ̀ títí dé bí 2,000 dọ́là. Bí ẹrù bá bàjẹ́, ọjọ́ méje ni ènìyàn ní láti kọ̀wé fẹjọ́ sùn. Bí ó bá pẹ́ dé, ọjọ́ mọ́kànlélógún láti ọjọ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí alágbàtà bá ń fi owó ẹrù rírẹwà ṣe ẹ̀ṣọ́ sí ìwé rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn fà yín mọ́ra jù. Kí a tọ́jú ara kí a tó tọ́jú àpótí. Wúrà àti owó, sára ni kí ènìyàn gbé e sí.

Ohun kan sì wà tí ó máa ń fara pamọ́ sínú ìwé, èyíinì ni iye tí ẹni tí ó rà á yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ san kí ilé iṣẹ́ tó gba ìyókù. Kí a ní ìwé kan jẹ́ 30,000 náírà, kí ó sì ní kí ìwọ kọ́kọ́ san 100 yúrò nígbàkígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kí òmíràn jẹ́ 38,000, kí ó má sì béèrè nǹkan kan. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko, tí ìbẹ̀rù rẹ̀ kò ju àìsàn ńlá lọ, lè mú ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ń mú ọmọ kékeré dání, tí ibà àti ikọ́ kì í wọ́n, yóò rí i pé èkejì ni ó dín owó.

Kí a tó sanwó, kí a wo orúkọ ilé iṣẹ́ náà nínú ìwé àwọn tí àjọ ìjọba tí ń jẹ́ NAICOM fún ní àṣẹ. Ayédèrú ìwé pọ̀ níta, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ohun gbogbo láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí a sì béèrè pé bí wọ́n bá kọ físà fún wa, ṣé owó yóò padà?

Ní ti ọkọ̀ ilẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2023 ni third party ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti kúrò ní 5,000 náírà tí ó di 15,000, tí ohun ìní ẹlòmíràn tí ó lè san sì di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Èyí kò bá ènìyàn kọjá Ṣèmẹ̀. Ẹni tí yóò wa ọkọ̀ lọ sí Kútọnù, Lomé tàbí Akrá, kí ó gba Brown Card, ètò tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Kútọnù ní ọdún 1982.

Bí àìsàn bá sì dé lọ́hùn-ún, kí a tètè tẹ ilé iṣẹ́ náà láago kí owó ọsibítù tó gùn, nítorí ìwé púpọ̀ sọ pé dandan ni. Nọ́ńbà tẹlifóònù wọn wà lára ìwé náà. Kí arìnrìn-àjò mú ẹ̀dà kan dání pẹ̀lú ìwé ìrìnnà rẹ̀, kí ó fún ọmọ tí ó lọ bá ní èkejì, kí ó sì fi ẹ̀kẹta sílé ní Ìwó, lọ́wọ́ ẹni tí ó lè kà á, tí kì í sì í pa tẹlifóònù rẹ̀ lóru.